Ètò Ìrànwọ́ Ẹ̀kọ́ tí Adájọ́ Alan Page Dá Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò

Nínú àwọn ètò ìrànwọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ tí mo mọ̀ ní Amẹ́ríkà, Page Education Foundation ni mo fi ṣe ààyò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe òyìnbó ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó wà fún, ẹni tó bá sì gba owó wọn gbọ́dọ̀ máa fi ó kéré tán wákàtí 50 lọ́dún ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí Adájọ́ Alan Page gbà dé ipò rẹ̀ yóò mọ ibi tí òfin yìí ti wá.

Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ni wọ́n ti bí i ní 1945. Ó gba bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún Minnesota Vikings láti 1967, ó sì gba oyè agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jùlọ ní 1971. Ìgbà tí òkìkí rẹ̀ ṣì ń kàn lórí pápá ni ó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Minnesota, tó gboyè jáde ní 1978, lẹ́yìn náà ni ó sì di agbẹjọ́rò ìjọba ìpínlẹ̀ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1992 ni ó wọ̀ mí lọ́kàn jù. Page fẹ́ díje fún ipò ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Minnesota, níbi tí ará ìlú ti ń dìbò yan adájọ́, ṣùgbọ́n gómìnà sún sáà adájọ́ kan síwájú, tó fi jẹ́ pé ìdìbò sí ipò náà kò ní wáyé mọ́ lọ́dún yẹn. Page gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé-ẹjọ́. Nítorí pé adájọ́ kì í dá ẹjọ́ tó kan òun fúnra rẹ̀, àwọn adájọ́ mìíràn ni ó jókòó gbọ́ ọ, wọ́n dá Page láre, àwọn olùdìbò sì yàn án. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó nílé-ẹjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tún yàn án, kí òfin tó ní kí adájọ́ fẹ̀yìntì ní ẹni 70 ọdún tó mú un kúrò ní 2015.

Ní 1988 ni wọ́n gbà á sí gbọ̀ngàn àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní Canton, ilé tí òun fúnra rẹ̀ bá wọn ṣe lébìrà níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó mú wá láti fà á kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni ó sì gbájú mọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni òun àti Diane, ìyàwó rẹ̀, dá ètò yìí sílẹ̀.

Owó wọn kò tó láti san gbogbo owó ilé-ẹ̀kọ́ tán, kí òbí má sì gbójú lé e nìkan. Wákàtí 50 náà kò rọrùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Síbẹ̀, n kò ní fẹ́ kí wọ́n dín in kù, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ọmọ yunifásítì tó jọ ọ́ jókòó tì, tó ń bá a ṣe ìṣirò, ti rí ohun tí ẹnu olùkọ́ kò lè ròyìn fún un. Ẹ̀yin òbí Yorùbá ní Minneapolis àti Brooklyn Park, tí ọmọ yín ń parí ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, tó sì fẹ́ kàwé síwájú nínú ìpínlẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó kọ̀wé sí wọn.