Àgbéyẹ̀wò: Access to HE (Higher Education), ẹ̀kọ́ àbáwọlé yunifásítì, tí mo ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ni ọdún 44

Ọdún 1998 ni mo ti pa ìwé tì n'Íbàdàn. Láti ìgbà náà, ìwé tí mò ń kọ kò ju àkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́ lọ: Màmá jẹun, Màmá lo oògùn, Màmá sùn dáadáa. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ sì ni. Nígbà tí mo ní mo fẹ́ di nọ́ọ̀sì, Access ni wọ́n júwe fún mi, ẹ̀kọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún àgbàlagbà tí kò ní ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì ń béèrè.

Kírẹ́díìtì 60 ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń fi Pass, Merit tàbí Distinction sí 45. Ní ti 15 tó kù, o yege tàbí o ò yege ni. Nínú tiwa, kò sí ìdánwò àṣekágbá tó ń fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́ ọdún kan. Asáínmẹ́ǹtì ni lọ́tùn-ún lósì: àròkọ, ìjábọ̀, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú kíláàsì, àti ìdánwò kéékèèké méjì tí ọwọ́ mi gbọ̀n níbẹ̀.

Wọ́n gbà ká fi dírááfù kan, ìyẹn àkọ́kọ́ kọ, ránṣẹ́ ká tó fi iṣẹ́ gan-an sílẹ̀. Dírááfù yẹn ló yọ mí. Lórí bí àrùn ṣe ń ràn, mo ṣe é bá a ṣe ń ṣe é nílé: mo wá ìtumọ̀ inú ìwé, mo sì dà á kọ wẹ́kú. Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá iṣẹ́ tí a dà kọ, ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ bá iṣẹ́ ẹlòmíì mu. Àyà mi já, mo ní wọ́n máa lé mi. Olùkọ́ wa, ọmọ tí mo lè bí, tó ń pè mí lórúkọ gbansasa (bí wọ́n ṣe ń ṣe nílẹ̀ wọn nìyẹn), kò pariwo. Ó kàn kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé: «Mo ti mọ ohun tí ìwé sọ. Kí ni ìwọ fojú rí níbi iṣẹ́?» Mo ń rò ó nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tí mo máa sọ̀.

Mo wá kọ nípa ọ̀sẹ̀ tí norovirus, kòkòrò àrùn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, wọ ilé arúgbó wa, bí gbogbo wa ṣe ń fi jẹ́ẹ̀lì apakòkòrò ra ọwọ́, tí àrùn náà ò sì gbọ́, àfìgbà tí a padà sídìí ọṣẹ àti omi. Mo ti mọ èyí tipẹ́, mi ò kàn mọ̀ pé ó ṣe é kọ sínú ìwé. Merit ni wọ́n fún mi.

Ibi tó ti dùn mí ni oṣù kẹta. Asáínmẹ́ǹtì mẹ́ta bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan náà, bí ẹni pé àwọn olùkọ́ kì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ti kẹ́mísírì sì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ wọn. Kó tó dé, mo ti tún àṣìṣe kan náà ṣe nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ìtọ́sọ́nà tó bá pẹ́ báyẹn, kí la fẹ́ fi ṣe?

Owó ńkọ́? Advanced Learner Loan ni mo yá, owó tí ìjọba ń yá àgbàlagbà tó ń kàwé. Ẹni tó bá parí yunifásítì lẹ́yìn Access, wọ́n á pa gbèsè Access tó kù lọ́rùn rẹ̀ rẹ́.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Kẹ́mísírì ló jẹ ọ̀kan yòókù.