Àwọn tó mọ ògiri ọgbà wa: orí ìwé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Ọ̀gá bíríkìlà kan àtàwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ la gbé ògiri ọgbà wa fún. Òjò ńlá ti rọ̀ sí ògiri náà, ìjì ti jà lù ú, kò sán, kò sì tẹ̀. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọ́n ṣe kí búlọ́ọ̀kù kankan tó balẹ̀ ló mú mi kọ èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń fò.

Ọ̀gá ò tíì dárúkọ owó tó fi ní ká mú ìwé ilẹ̀ wa wá. Ó wá òkúta ààlà kàn, ó ta okùn, ó sì ní ká pe múlégbè wa kó wá fojú ara rẹ̀ rí i, kó sì buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn náà ló rán wa sí ọ́fíìsì tó ń fúnni láṣẹ ilé kíkọ́, pé ká lọ béèrè bí ògiri ṣe lè ga tó. Òfin yìí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, àmọ́ níbi púpọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ títì ló máa ń le jù, kí ògiri má bàa dí awakọ̀ lójú. Ní England, ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ọkọ̀ tó bá ga ju mítà 1 lọ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ; níbòmíì nínú ọgbà, mítà 2 ni. Òfin ọdún 1996 kan tún wà níbẹ̀: ẹni tó fẹ́ mọ ògiri tuntun sórí ìlà ààlà gbọ́dọ̀ fi ìwé tó múlégbè rẹ̀ létí, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú.

Ìyàwó mi fẹ́ kí tiwa ga sí i. Ọ̀gá ò gbà. "Mọ̀mí, ẹ ò lè rí atẹ́gùn, àmọ́ òun ló ń da ògiri." Ó ṣàlàyé pé bí gíga ògiri bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í ṣubú láti ìdí máa di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ọn rárá kéèyàn kàn máa to búlọ́ọ̀kù lé ògiri àtijọ́ lórí. Lọ́dún 2018, nígbà tí ilẹ̀ mì ní Osaka lórílẹ̀-èdè Japan, ògiri búlọ́ọ̀kù tí wọ́n mọ lé orí ògiri mìíràn ní ilé ẹ̀kọ́ kan wó pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 tó ń lọ sí kíláàsì. Ògiri náà ga ju ohun tí òfin wọn gbà láyè lọ. Ọmọ ọlọ́mọ!

Ibi kòtò ìpìlẹ̀ ni wọ́n pẹ́ sí jù. Amọ̀ ni ilẹ̀ wa, ó ń wú lójò, ó ń súnkì lẹ́ẹ̀rùn, igi ńlá sì wà nítòsí. Wọ́n gbẹ́ ẹ kọjá erùpẹ̀ òkè tó rọ̀, ọ̀gá fi irin gún ìsàlẹ̀ kòtò káàkiri, níbi tí irin bá ti rì, wọ́n tún gbẹ́ ẹ. Kọnkéré tí wọ́n dà fẹ̀ ju ògiri lọ dáadáa. Ní nǹkan bíi mítà 6 sí mítà 6, wọ́n fi àlàfo tín-ín-rín sílẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n fi ohun tó rọ̀ dí i, kí ògiri lè rí àyè wú, kó sì rí àyè súnkì. Níbi tí ilẹ̀ fara ti ògiri, wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, wọ́n da òkúta sẹ́yìn rẹ̀, kómi lè ráyè jáde. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dé e lórí yọ síta díẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ ilà tó jinlẹ̀ díẹ̀ sí wọn lábẹ́. Nígbà tí òjò rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó: omi dé ibi ilà yẹn, ó kán sílẹ̀, kò ṣàn mọ́ ara ògiri.

Àléébù wọn ò ju pé wọ́n lọ́ra, wọ́n sì fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún wa kó. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Bó bá jẹ́ ògiri gíga tó ń gbé ilẹ̀ dúró lẹ fẹ́, wọn ò ní fọwọ́ kàn án àfi kí ẹnjiníà kọ́kọ́ yàwòrán rẹ̀, ẹ tètè wá ẹnjiníà tiyín kẹ́ ẹ tó pè wọ́n.