Hematite àti Magnetite: Òkúta Irin Méjì

Hematite àti magnetite ni òkúta méjì tí wọ́n máa ń yọ irin lára wọn, ṣùgbọ́n ojú nìkan kò tó láti fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Dúdú ni magnetite, ṣùgbọ́n hematite náà lè dúdú, kó sì máa dán. Ẹ fi wọ́n ha ẹ̀yìn táìlì, níbi tí kò dán: ìlà pupa bí osùn ni hematite máa fà, ti magnetite á dúdú. Ẹ wá gbé òòfà sún mọ́ wọn. Kíá ni magnetite á lẹ̀ mọ́ ọn; hematite kò ní mira.

Ní ti irin inú wọn, magnetite ló fi díẹ̀ jù: bí ìdá 72 nínú 100, tí ti hematite jẹ́ 70. Síbẹ̀, hematite tó dára ní Pilbara ní Ọsirélíà kò ní wàhálà púpọ̀. Wọ́n á fọ́ ọ, ó di inú ọkọ̀ ojú omi. Magnetite sábà máa ń fẹ́ lílọ̀ kúnná, kí òòfà tó ṣà á kúrò lára iyanrìn. Ní Itakpe ní ìpínlẹ̀ Kogí, àwọn méjèèjì ló wà pọ̀ nínú àpáta, nítorí náà òòfà tí kò lágbára kò lè kó gbogbo rẹ̀.

Tó bá di ti ìwádìí sáyẹ́nsì, hematite ni èmi fara mọ́ jù. Lọ́dún 2004, Opportunity, ẹ̀rọ tí Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, rí àwọn hematite róbótó kéékèèké nílẹ̀ ibẹ̀, ẹ̀rí pé omi ti wà níbẹ̀ rí. Magnetite náà kò kẹ̀rẹ̀ o: àwọn bakitéríà (kòkòrò àìfojúrí) kan ń ṣe é sínú ara wọn, òun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà.