Mo wa Prius Prime fún ọjọ́ mẹ́wàá n'Íbàdàn: ṣé kí n ta háíbríìdì mi?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí bọ̀dá mi yá mi ní Prius Prime ẹ̀, mọ́tò Toyota kan, mo wà nídìí iṣẹ́, mò ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà, ni mo bá gbọ́ òórùn kan bí ìgbà tí èèyàn gbàgbé ike sórí sítóòfù. Mo sáré jáde. Púlọ́ọ̀gì tí mo fi ń ṣáàjì mọ́tò ti rọ̀ bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná, ó ti lẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ara ògiri ti dúdú. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò tíì sùn.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Prius 2010 lèmi ń wà, háíbríìdì lásán, mọ́tò tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀, èyí tó ń fi bíréèkì àti ẹ́ńjìnì ṣáàjì ara ẹ̀, tẹ́ ẹ ò ní ki wáyà kankan bọ̀ ọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń fi gbé kéèkì káàkiri, Bódìjà o, Akóbọ̀ o, Olúyọ̀lé o, Àpáta o, ibi tí wọ́n bá ṣáà ti ń ṣe ìnáwó. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 làwọn èèyàn ti ń sọ pé mo gbọ́n pé mo ra háíbríìdì, àmọ́ bọ̀dá mi wá ra Prime yìí, tó jẹ́ plug-in, ó di pé gbogbo ìgbà tá a bá pàdé nílé Màmá, á ní òun ò tiẹ̀ mọ iye tí wọ́n ń ta epo mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ní kí n gbé tòun lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí n fojú ara mi rí i, òun á máa wa tèmi.

Fẹ́ni tí ò bá mọ̀, plug-in yẹn háíbríìdì náà ni, bátìrì ẹ̀ ló kàn tóbi, ẹ lè ki wáyà bọ̀ ọ́ nílé bí ẹni ń ṣáàjì fóònù. Bátìrì tèmi ò gbà ju yúníìtì 1.3 lọ, yúníìtì kan náà tí ẹ ń rà sí mítà yẹn ni mò ń sọ. Ti Prime 2017 yìí jẹ́ 8.8. Ìyẹn ló fi ń rin bíi kìlómítà 40 láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnì dá sí i, tí iná ẹ̀ bá wá lọ sílẹ̀, á padà di háíbríìdì bíi tèmi. Kò sí bí a ṣe lè ṣe ifá kó má hùwà ẹkùrọ́.

Kí n má parọ́, ó dùn ún wà. Mo wà nínú gòsílóò Ìwó Road lọ́sàn-án gangan, AC ń fẹ́ yẹ̀ẹ́, mi ò gbọ́ kiní kan, ẹ́ńjìnì ò tiẹ̀ mí rárá. Oní-Micra tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọrí síta, ó ń pariwo, "Àǹtí, mọ́tò yín ti kú o, ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ká bá yín tì í!" Ni mo bá tẹ̀ ẹ́, mo lọ, ẹnu yà á. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi dé Mókọ́lá.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ iná, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àkọ́kọ́, wáyà tó bá mọ́tò náà wá láti Amẹ́ríkà, 120 volt ni wọ́n ṣe é fún, iná tiwa lé ní 220, ẹ má dán an wò láé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa ki í bọ̀ ọ́. Bọ̀dá mi ti ra òmíràn tó bá iná wa mu, èyí téèyàn lè yàn iye tí yóò máa fà, 8, 10, 13 tàbí 16 amp. Kò sọ fún mi, èmi náà ò béèrè, orí 16 ló wà, mo wá lọ ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọṣọ, tó jẹ́ 13 amp. Kí ni mo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Oníná tó wá wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì bú mi dáadáa, ó ní ohun tó ń fa iná tó báyẹn fún wákàtí méjì gbáko, wáyà tiẹ̀ lọ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ ti ìdí mítà wá, pẹ̀lú béríkà tiẹ̀, bíi ti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Ó gba 65,000 náírà lọ́wọ́ mi kó tó ṣe é. Lẹ́yìn ìyẹn, ká sọ òótọ́, ó ń kún láàárín wákàtí méjì ó lé díẹ̀. Ìgbà tí iná bá pé nìyẹn o. Lálẹ́ ọjọ́ Tọ́sìdeé half-current ni wọ́n mú wá, gúlóòbù ń ṣe bí àbẹ́là, wáyà náà tan iná pupa, ó lóun ò ṣe mọ́.

Ó wá ku owó. Mo kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ kí n tó ṣáàjì àti lẹ́yìn tó kún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ó máa ń jẹ bíi yúníìtì 6.4 (mọ́tò náà kì í lo bátìrì ẹ̀ tán pátápátá, ó ń tọ́jú díẹ̀ sílẹ̀). Àdúgbò wa wà ní Band A, àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, nígbà tí mo ṣe é, yúníìtì kan lé ní 200 náírà, ẹ jẹ́ ká pè é ní 210. Ìyẹn bíi 1,350 náírà fún kìlómítà 40. Prius tèmi, nínú ìlú pẹ̀lú AC, ń fi lítà epo kan rin kìlómítà 18, kìlómítà 40 máa gba lítà 2.2, tá a bá pe lítà epo ní 900 náírà nígbà yẹn, bíi 2,000 nìyẹn. Èmi ò rìn ju kìlómítà 30 lọ lójúmọ́. Èrè tí plug-in máa jẹ́ kí n rí ò pé 500 náírà lójúmọ́, bíi 13,000 lóṣù. Ẹni tó fẹ́ bá mi pààrọ̀ ní kí n gbé tèmi wá kí n fi mílíọ̀nù mẹ́rin àtààbọ̀ lé e. Mo fi kálíkúlétọ̀ fóònù ṣe é lẹ́ẹ̀mejì torí ó dà bíi pé mo ṣì í: ó lé ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kí owó ọ̀hún tó padà wọlé. Ọmọ mi tó kéré jù á ti ṣègbéyàwó nígbà yẹn, èmi náà ni màá ṣe kéèkì ẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n máa fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì ẹ̀ tí iná bá lọ. Ẹ gbà mí! I-pass-my-neighbour ò lè gbé e, jẹnẹrétọ̀ ńlá sì máa jó bíi lítà mẹ́ta kí bátìrì yẹn tó kún, epo tí mọ́tò yẹn fúnra ẹ̀ ò ní jó tó tó bá fẹ́ rin ibi kan náà.

Kéèkì ló wá parí ọ̀rọ̀. Sátidé, mo ní kéèkì ìgbéyàwó onípele mẹ́ta tí mò ń gbé lọ sí Jericho. Nínú búùtù tèmi, páálí tó ga jù yẹn máa ń wọlé, á jókòó pẹrẹsẹ, màá ki tówẹ̀ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó tán. Búùtù Prime, abẹ́ ẹ̀ ni bátìrì wà, ilẹ̀ ẹ̀ ga sókè, mo fẹ́ tì í, díẹ̀ ló kù kí gíláàsì tẹ orí páálí. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjókòó ẹ̀yìn wo? Èèyàn méjì péré ló wà fún, àárín ẹ̀ ni wọ́n ṣe ibi tí wọ́n ń gbé ife sí, kò tẹ́jú. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ló gbé kéèkì ọ̀hún lé itan láti Ring Road dé Jericho, gbogbo kòtò tá a bá kó sí ló ń pe Jésù. Ọjọ́ Àìkú, ẹni márùn-ún là ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì nílé mi, mi ò tiẹ̀ ní sọ bá a ṣe ṣe é.

Kò sí sípéà táyà nínú ẹ̀ náà, ike oògùn tí wọ́n ń fọ́n sínú táyà ni wọ́n fi sí i. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún kòtò Ọ̀jọ́ọ̀.

Ti mẹkáníìkì náà wà níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, iná pupa onígun mẹ́ta yọ níwájú mi, àyà mi já, mẹkáníìkì mi tú ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn níbi tí fáànù tó ń fẹ́ bátìrì wà, eruku àti èèpo ẹ̀pà àwọn ọmọ ló dí i pa. Ó nù ún, ó pààrọ̀ méjì nínú ẹyọ 28 tó wà nínú bátìrì náà, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Gate, ó tán. Nígbà tí mo gbé Prime dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó ṣí i, ó wo wáyà aláwọ̀ ọsàn tó ń gbé iná ńlá yẹn títí, ó pa á dé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé e padà fẹ́ni tó ni ín."

Fún bọ̀dá mi, mọ́tò náà dáa gan-an, mi ò lè bú u. Sólà kún orí ilé ẹ̀ l'Ákóbọ̀, ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀sán gangan tí oòrùn bá ń ṣòfò ló ń ṣáàjì ẹ̀, òun àti ìyàwó ẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, kò gbé ohunkóhun ju àpò lọ. Tí irú ẹ̀ bá nìyẹn, ẹ rà á. Èmi ò pààrọ̀ tèmi.

Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà fún un nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, mo gba tèmi. Ó wo wáyà ẹ̀, ó rí púlọ́ọ̀gì tó jóná, ó ní, "Ìyá Kéèkì, ta ló máa san owó eléyìí?" Mo gbé kéèkì kékeré kan lé e lọ́wọ́, mo sì tẹ mọ́tò.