Eré Orin Nínú Páàkì Kánsù ní England: TEN Tàbí Premises Licence?

Lábẹ́ òfin ìwé àṣẹ ọdún 2003 (Licensing Act 2003), ọ̀nà méjì ni àwọn tó fẹ́ gbé eré orin lọ sí páàkì sábà máa ń rò. Temporary Event Notice, ìyẹn TEN, ìwé ìfitónilétí fún kánsù nípa ayẹyẹ onígbà díẹ̀, kò ju £21 lọ, ẹ sì lè fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú. Ṣùgbọ́n èèyàn 499 ni òpin rẹ̀, àwọn akọrin àti òṣìṣẹ́ sì wà nínú iye yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n mọ́ ọn.

Premises licence, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kánsù ń fún ibi kan pàtó, gba sùúrù: ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn aráàlú. Bí èrò bá tó 5,000, àfikún owó bẹ̀rẹ̀ láti £1,000. Ọlọ́pàá àti ẹ̀ka ìlera àyíká nìkan ló lè takò TEN. Níbi licence, aládùúgbò náà lè sọ tiẹ̀. Èyí wù mí, torí yàrá wọn ni ariwo náà máa dé.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, àdéhùn yíyá páàkì ṣì wà lọ́tọ̀.

Eré kékeré ọlọ́jọ́ kan: TEN. Àjọ̀dún ńlá, tàbí èyí tí yóò máa wáyé lọ́dọọdún: licence.