Tọ́bò CT16V ti Hilux 3.0 D-4D: èwo ló tọ́ láti rà?

Ẹ́ńjìnnì 1KD-FTV tó wà nínú Hilux 3.0 D-4D lágbára, ó sì máa ń pẹ́, àmọ́ tọ́bò CT16V rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí èéfín ń yí kó lè ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, kì í gba ìlòkulò. Nínú ilé èéfín rẹ̀, àwọn ewé irin wẹ́wẹ́ kan wà tó ń ṣí tó ń pa láti darí èéfín sára fáànù. Mọ́tò kékeré tó ń gba àṣẹ lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń yí wọn. Àwọn ewé yìí ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ tètè fà, àwọn náà ló sì ń sọ àtúnṣe di wàhálà.

Ohun mẹ́ta lẹ lè rà: kátíríìjì, tòkúnbọ̀ tàbí ojúlówó tuntun. Kátíríìjì nìkan, ìyẹn àárín tọ́bò tó ní ọ̀pá àti fáànù, ni owó rẹ̀ kéré jù. Fún CT16 ti Hilux 2.5 tí kò ní ewé, a fara mọ́ ọn. Fún CT16V, rárá, àfi tí ẹni tó ń tò ó bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn tó ń gba àárín ewé kọjá. Bí ewé bá ṣí jù, ọkọ̀ á wúwo, á máa tú èéfín dúdú. Bí wọ́n bá pa jù, atẹ́gùn á pọ̀ jù, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kọ̀ǹpútà á sì dín agbára kù.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ ti ọ̀pá àárín síwájú àti sẹ́yìn: kò gbọ́dọ̀ mì. Ó lè mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, àmọ́ fáànù kò gbọ́dọ̀ ha ara ilé rẹ̀. Ẹ tún wo apá tó ń yí ewé. Bí ìdọ̀tí èéfín bá ti mú un dè, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ojúlówó tuntun tó ní mọ́tò lára la fọwọ́ sí. Ó wọ́n gan-an, síbẹ̀ òun náà á kú kíákíá bí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ bá ṣì wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wáṣà bàbà abẹ́ injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, ló ń jò. Èéfín iná á wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á ki, ìdọ̀tí dúdú á sì dí asẹ́ tó wà nísàlẹ̀ sump, ìyẹn agbada ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ọ̀pá tọ́bò ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Kò lè fara da àìtó ọ́ìlì.

Nítorí náà, kí mẹkáníìkì sọ sump kalẹ̀, kó fọ asẹ́, kó pààrọ̀ wáṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fílítà ọ́ìlì, páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí tọ́bò, àti ọ́ìlì tó tó bíi lítà 7. Kó má fi gọ́ọ̀mù sí ojú ibi tí ọ́ìlì ń gbà jáde lára tọ́bò, torí ó máa ń já bọ́ sínú, á sì dí ihò. Kó fọ intercooler, tó ń mú atẹ́gùn tó ń ti tọ́bò bọ̀ tutù, pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè máa jó ọ́ìlì tó ṣẹ́kù níbẹ̀, kó sì máa sáré lọ kódà lẹ́yìn tí ẹ ti pa kọ́kọ́rọ́.

Kí wọ́n tó so páìpù ọ́ìlì mọ́ tọ́bò, kí wọ́n rọ ọ́ìlì sínú ihò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n yọ wáyà injector, kí wọ́n máa yí ẹ́ńjìnnì títí iná ọ́ìlì á fi kú. Ìgbà náà ni kí wọ́n tó dá wáyà padà, kí wọ́n sì ṣíná.

Sàlẹ́ńsà tó dí ń mú tọ́bò gbóná. Páìpù èéfín oníìnṣì mẹ́ta dáa, bí wọn kò bá ti yọ ibi tó ń rọ̀ àti rọ́bà tó so páìpù rọ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má baà fa tọ́bò wálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó náwó rárá, ẹ wo ojú ibi tí tọ́bò ti so mọ́ manifold, ìyẹn irin tó ń kó èéfín jáde látinú ẹ́ńjìnnì. Bí àmì dúdú bá wà níbẹ̀, tó sì ń dún ṣíì, èéfín ń jò kó tó dé fáànù: gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín méjèèjì lẹ máa rà, kì í ṣe tọ́bò.