MSc biomechanics tí mo lọ ṣe ní England: ó dáa o, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi

Ó ti sú mi kí n máa dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn lórí WhatsApp, "ẹ̀gbọ́n, ṣé kọ́ọ̀sì yẹn dáa, ṣé kí n gba fọ́ọ̀mù?", torí náà mo kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí lẹ́ẹ̀kan. Biomechanics ni ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń rìn, bó ṣe ń sáré, àti agbára (force) tó ń ti ara nígbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà ṣá, ẹ má bi mí, torí nǹkan kan wà níwájú tí mo máa ráhùn lé lórí.

Human Kinetics, ẹ̀kọ́ nípa eré ìdárayá àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mo kà nílé. Biomechanics wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ojú pátákó la ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́ktúrà á ya èèyàn onígi kan, á fi ọfà há a níbí, á fi há a lọ́hùn-ún, á ní "èyí ni force", a ó dà á kọ, a ó fi ṣe ìdánwò, ó parí. Mo gba ìwé ẹ̀rí tán, mi ò fojú kan force plate rí. Ìgbà tí mo wá wọ lábù wọn lọ́hùn-ún, kámẹ́rà méjìlá ló yí òkè yàrá ká, irin pẹlẹbẹ kan sì wà nínú ilẹ̀ tó bá ilẹ̀ dọ́gba débi pé èèyàn ò ní mọ̀ pé òun ti tẹ̀ ẹ́, mo kàn la ẹnu sílẹ̀ ni.

Irin pẹlẹbẹ yẹn gan-an ni force plate. Téèyàn bá tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ náà ń tì í padà, Newton ti sọ ìyẹn tipẹ́, iye tí ilẹ̀ fi tì í ni irin yìí ń kà, tiwa ń kà á ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. 70 kg ni mí, tí mo bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹ̀ ó máa kọ nǹkan bíi 687 newton (orúkọ Newton náà ni wọ́n fi ń wọn force). Tí mo bá wá rìn kọjá, òkè méjì ló máa yà sójú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nígbà tí gìgísẹ̀ ti balẹ̀ tí gbogbo ara bọ́ sórí ẹsẹ̀ yẹn, ìkejì nígbà tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn, méjèèjì á ju ìwọ̀n ara mi lọ díẹ̀, àárín wọn á jìn wálẹ̀, kò ní tó ìwọ̀n ara mi. Ìyẹn ìrìn lásán o. Tí mo bá sáré, ó ń di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta! Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé iṣẹ́ aláàárù ni orókún èèyàn ń ṣe, tí kì í sì í gbowó.

Àwọn kámẹ́rà yẹn kì í wo èèyàn o, marker ni wọ́n ń wò, nǹkan róbótó kékeré tó ń dán, bíi 14 mm, tí wọ́n ń fi tẹ́ẹ̀pù lẹ̀ mọ́ èjìká, ìbàdí, orókún, ọrùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára, oṣù kìíní ni, òtútù ń pa mí bí nǹkan míì, ara mi ti funfun bí ẹni tó yíràá nínú eérú, mo bá fi òrí para dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò tíì rìn dé àárín yàrá tí wọ́n ti ń já bọ́, pó, pó, bí àgbálùmọ̀ tó pọ́n lórí igi. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tọ́jú lábù ní kí ni mo fi pa ara. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé òrí fún òyìnbó? Wọ́n fi spirit nu ẹsẹ̀ mi bí ẹni fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tá a wo kọ̀ǹpútà tí mo ní gìgísẹ̀ mẹ́ta. Bàtà mi ló ní ìlà tó ń dán lẹ́yìn, kámẹ́rà ti kà á mọ́ marker.

Àmọ́ tó bá wá jọ tán, ẹ máa rí egungun ara yín tó ń rìn lójú kọ̀ǹpútà, kò lójú, kò nímú. Mo wo tèmi títí, èjìká òsì rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń yà síta. Mo fi fóònù ká a sílẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi, mi ò kọ nǹkan kan sí i. Ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn ni "Ta ló ya dádì ẹ báyìí?"

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ èèyàn níyà ni ìṣirò. Ẹni tó bá rò pé òun ń bọ̀ wá wo eléré ìdárayá ni o, á sunkún. Ohun tí kámẹ́rà fún yín ni ibi tí marker wà, ẹ máa ti ibẹ̀ ṣírò bó ṣe ń yára, ẹ tún ti ibẹ̀ ṣírò bí ìyára yẹn ṣe ń yí padà, gbígbọ̀n tín-ín-tín tí marker gbọ̀n lórí awọ ara á sì ti di òkè ńlá kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Ìdí tá a fi ń sẹ́ dátà bí ẹni sẹ́ ògì nìyẹn, asẹ́ tiwa ni wọ́n ń pè ní Butterworth, 6 Hz la sábà máa ń lò fún ìrìn, ìyẹn ni pé gbígbọ̀n tó bá ju ìgbà mẹ́fà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan là ń sẹ́ dànù. Tẹ́ ẹ bá sẹ́ ẹ jù, ohun tẹ́ ẹ ń wá á bá èérí lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gun ojúgun, ẹ gun itan, kẹ́ ẹ tó mọ iye agbára tí iṣan ń lò ní ìbàdí, tẹ́ ẹ bá ṣìṣe nísàlẹ̀ ẹ ti ṣìṣe dókè. Inú MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kọ kóòdù sí láti fi ṣírò, la ti ń ṣe gbogbo ẹ̀, èmi tí mi ò kọ kóòdù rí. 38 ni mo gbà nínú ásáínmẹ́ǹtì àkọ́kọ́, 50 ni wọ́n fi ń yege.

Ohun tó mú mi dúró ni kíláàsì kan lórí gbígbẹ́rù. Wọ́n dán an wò fún àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya, èsì ẹ̀ jáde ní 1986: ẹrù tó tó 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn, wọ́n rù ú lórí láìmí ju bí wọ́n ṣe ń mí tí wọn ò bá ru nǹkan kan. Ara gbogbo wa ń lọ sókè sódò bíi jangilọ́fà tá a bá ń rìn, àmọ́ tí ẹrù bá ti wà lórí tiwọn, agbára tó ń bọ̀ látòkè kì í ṣòfò tó tiwa. Mo kàn ń rí màmá wa àgbà lójú mi, pẹ̀lú òṣùká àti apẹ̀rẹ̀ ẹ̀lùbọ́, tí kì í fọwọ́ dì í mú. Wọ́n dán irú ẹ̀ wò fún àwọn obìnrin Xhosa ní South Africa lẹ́yìn náà, kò rí bẹ́ẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn, torí náà ẹ má sáré lọ gbẹ́rù lórí o.

Ọjọ́ Tobi Amusan náà dùn mọ́ mi, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde wa, ìṣẹ́jú àáyá 12.12 tó fi sá eré ìfò-igi mítà 100 ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní 2022. Igi mẹ́wàá, 83.8 cm ni gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan, mítà 8.5 láàárín wọn. Ẹni tó bá ti wà lófuurufú kò ní ilẹ̀ tó máa tì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fẹ́ kó fò ó kọjá ní ìwọ̀nba, kí ẹsẹ̀ tètè balẹ̀. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́ nínú kíláàsì.

Ìráhùn mi wá rèé. Fọ́tò lábù yẹn ni wọ́n fi polówó kọ́ọ̀sì náà káàkiri, òun ló jẹ́ kí n sanwó. Krẹ́díìtì 180 ni gbogbo ẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí nìkan kó 60, ìgbà tó wá kan iṣẹ́ ìwádìí, ọ̀sán méjì péré ni wọ́n fún mi ní lábù, àwọn PhD ti gba ìyókù. Èèyàn mẹ́fà ni mo rí wọ̀n dípò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo kọ sínú ètò mi. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n ní "a gbọ́", ó parí síbẹ̀. Ẹ béèrè iye wákàtí lábù yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gba fọ́ọ̀mù rárá, ẹ gba Kinovea sórí kọ̀ǹpútà, ètò tí wọ́n fi ń wọn ìrìn nínú fídíò ni, ọ̀fẹ́ ni, OpenSim tó wá láti Yunifásítì Stanford, tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe egungun àti iṣan, náà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́, ẹ fi fóònù ká aládùúgbò yín bó ṣe ń rìn (ẹ tọrọ àyè o), kẹ́ ẹ máa wọn igun orókún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá ṣì ń dùn mọ́ yín lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kọ́ọ̀sì yín nìyẹn. Tó bá sú yín lọ́jọ́ kejì, ẹ fi owó yín ra ilẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá ọ̀sán lábù mi padà ni mo máa fún wọn ní ìkarùn-ún.